Àkàrà Tí Mo Pín Lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ jẹ oúnjẹ gbogbo ayé, kó wá bá mi ní ìlú tí mo wà yìí ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìhunṣọ àtijọ́ kan wà níbí tí wọ́n sọ di gbọ̀ngán oúnjẹ, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ará Ẹtiópíà kan wà níbẹ̀ tó ń ta búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ńlá tó kan bí ògì ọjọ́ mẹ́ta. Ará Mẹ́síkò ń ká ẹran sínú àgbàdo tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì yan pẹlẹbẹ. Ará Fiẹtináàmù ń bu omi ẹran gbígbóná lé ìrẹsì tí wọ́n fà bí okùn. Ará Íńdíà wà, ará Tọ́kì wà, ará Jàmáíkà tó ń yan adìẹ nínú àgbá náà wà. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn òyìnbó á gbé ọmọ wọn lé èjìká, wọ́n á wọlé, wọ́n á máa bi ara wọn pé orílẹ̀-èdè wo ni kí àwọn jẹ lónìí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn: lọ́sẹ̀ tó kọjá a jẹ Síríà, lónìí ẹ jẹ́ ká jẹ Íńdíà. Èmi ni mò ń fọ abọ́ lẹ́yìn wọn.

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n lè jẹ ilé onílé tán, kí wọ́n fi bébà nu ẹnu, kí wọ́n sì wakọ̀ lọ sí ilé tiwọn. Àwa tí a wà lẹ́yìn káńtà ò rílé lọ. Kò sí ẹni tó ń tajà níbẹ̀ tí kì í ṣe oúnjẹ ìyá rẹ̀ ló ń tà. Mo máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà kan pé ìyá wa ni gbogbo wa ń tà, àwo kan lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Bẹyẹrúnkà ni wọ́n bí mi sí, ní Ìbàdàn, èmi nìkan lobìnrin nínú ọmọ márùn-ún, èmi sì ni àbíkẹ́yìn. Àkàrà ni ìyá mi ń dín ní Bẹẹrẹ, nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè lọ sí Màpó. Wọ́n ti ń dín in níbẹ̀ kí n tó dáyé. Àwọn tíṣà máa ń rà á lọ sí ilé-ìwé, àwọn awakọ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú búrẹ́dì. Ìyá Ràfíù tó ń ta ẹ̀kọ ló jókòó tì wọ́n, ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ ẹnìkínní á bọ́ sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Èéfín ti ba ojú ìyá mi jẹ́. Wọ́n máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú, wọ́n á sọ fún mi pé bí àwọn bá rí mi nídìí agbada lọ́jọ́ kan, ìgbákọ gbígbóná ni àwọn máa fi lé mi. Ilé-ìwé ni wọ́n rán mi. Mo kàwé dé poli, mo gboyè, mo fi ọdún mẹ́ta wá iṣẹ́ tí mi ò rí, mo bá lọ. Bí mo ṣe dé ibí kò dùn ún gbọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níhìn-ín kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo kí obìnrin tí yàrá wa fara kanra ní ọjọ́ kìíní, ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ jà lólè. Mo kí i lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn. Ní Bẹyẹrúnkà, bí o bá kọjá lójúde àgbà láìkí i, ẹjọ́ rẹ á ti délé bá ìyá rẹ kí o tó dé. Níhìn-ín, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko láìgbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo máa ń pe ara mi lórúkọ nínú balùwẹ̀, kí n lè mọ̀ pé mo ṣì ń jẹ́ ẹ.

Ìgbà tí ọkàn mi fà sí oúnjẹ ilé, mo wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ dúdú. Mo rí àkàrà níbẹ̀. Ó wà nínú ọ̀rá, ó ti dì gbagidi, mẹ́fà nínú ọ̀rá kan. Mo gbé e délé, mo fi ẹ̀rọ mú un gbóná. Ìta rẹ̀ ń jó mi lẹ́nu, inú rẹ̀ ṣì jẹ́ yìnyín. Mo jẹ ẹ́ tán náà, nítorí bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀. Lẹ́yìn náà mo bínú sí ara mi pé mo jẹ ẹ́.

Mo gbálẹ̀ ilé ìwòsàn, mo wẹ arúgbó fún àwọn ọmọ tí kò ráyè wẹ ìyá wọn. Ní ọdún kejì ni mo bọ́ sọ́dọ̀ Nísárì, ará Síríà tó ń dín fàláfẹ́lì nínú gbọ̀ngán oúnjẹ yẹn. Irú ẹ̀wà kan báyìí tó rí roboto ni wọ́n ń rẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ewé àti àlùbọ́sà sí i, wọ́n á dín in. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi sẹ́nu, àkàrà ni mo pè é. Eyín mi mọ̀ ọ́n, ahọ́n mi ò mọ̀ ọ́n. Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, mo sunkún níbẹ̀ dáadáa. Nísárì tẹ̀ lé mi. Ó kàn ní ìgbà tí òun kọ́kọ́ dé, tòmátì ló pa òun lẹ́kún.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi. Bùọ̀dá Mùfútáù, ẹ̀gbọ́n mi àgbà tó ń ránṣọ ní Òjé, ló máa ń gbé fóònù sí wọn létí. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi pé bí mo bá fẹsẹ̀ kan jáde nílẹ̀ yìí kó tó jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Ọdún kan di méjì, méjì di márùn-ún, fóònù nìkan ló sì so èmi àti ìyá mi pọ̀. Ẹni tó ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, kò rí irú àjò tèmi, tí kò dùn, tí onílé ò sì lè relé.

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún ìyá mi pé ẹ̀wà ni mò ń bá Nísárì dín fún òyìnbó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

“Mo rán ẹ nílé-ìwé kí o má baà dín àkàrà,” ni wọ́n wí, “o wá wọ bàálù lọ dín in.”

Mo ní àkàrà kọ́, fàláfẹ́lì ni. Wọ́n ní kí n má fi orúkọ tan àwọn jẹ, pé ohun tí wọ́n bá rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jù sínú epo gbígbóná, àwọn mọ ohun tó ń jẹ́. Wọ́n ní bí mo bá máa dín in náà, kí n dín in dáadáa, kí wọ́n má baà sọ pé mi ò nílé. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í nira.

Hẹ́lẹ̀n ni orúkọ obìnrin tó ń ṣàkóso gbọ̀ngán náà. Ó wá bá mi nídìí abọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn fẹ́ ya Sátidé àti Àìkú kan sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ojú títì láti gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tó ń ta ti Nàìjíríà. Bí mo bá lè dín nǹkan tí wọ́n ń jẹ lójú títì nílé wa, tí àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀, òun á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù tèmi, tí mi ò ní fọ abọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo fẹ́ ẹ, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ìyá mi. Mo fẹ́ kí Bùọ̀dá Mùfú gbé fóònù sí wọn lójú, kí wọ́n rí ọmọ wọn nídìí agbada tí kò ní èéfín, kí wọ́n sọ pé ó dára. Gbogbo ohun tí mò ń wá ní ọdún márùn-ún yẹn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìyá mi rí ohun kan tí mo ṣe, kí wọ́n ní ó dára.

Àmọ́ àkàrà kò gbọ́ tèmi. Bùléńdà ni mo fi lọ ẹ̀wà, ó ń béèrè omi. Mo fún un lómi, ó ṣàn. Bí mo bá ti dà á sínú epo, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á mu epo yó. Ogún ọdún ni mo fi wo ìyá mi, ṣùgbọ́n ojú nìkan ni mo fi wò ó, torí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo pe ilé kí n bi wọ́n. Bùọ̀dá Mùfú ní ìyá ń sùn. Mo tún pè, wọ́n ní wọ́n ń kírun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lọ kí ẹbí ní Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, fóònù bọ́ sómi, ohùn kì í jáde. Láàárín oṣù méjì, ìyá mi kírun ju lèmọ́mù lọ. Bí mo bá ní mi ò fura rárá, irọ́ ni mo pa. Mo fura, mo sì ti ìfura náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí Sátidé ń bọ̀.

Mo ní kí Bùọ̀dá bá mi bi wọ́n ohun tí èèyàn ń ṣe sí ẹ̀wà tó ń ṣàn. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó padà pè mí.

“Màmá ní kí o fọ́ ẹyin sí i,” ni wọ́n wí. “Ẹyin méjì. Á gbá a jọ.”

Ẹyin. Ìyá mi, tí wọ́n máa ń fi alákàrà kan ní Orítamẹ́rin ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé ó ń fi ẹyin sí tirẹ̀. Wọ́n máa ń ní ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ọmọ odó ló ń wá ẹyin kiri. Mo sọ fún ara mi pé àgbà ti dé sí wọn, èrò wọn ti yí. Mo fọ́ ẹyin sí i. Ó gbá a jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn ẹyin dídín ló ń rùn, mo bá dà á nù. Nígbà tó yá, mo ra odó kékeré lọ́wọ́ ará Gánà kan. Mo lu ẹ̀wà náà títí èjìká mi fi ń ro mí, mi ò fi iyọ̀ sí i àfi ìgbà tí epo gbóná tán. Mo kán díẹ̀ sínú omi, ó léfòó. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá náà, mo sì pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Hẹ́lẹ̀n tún ní kí oníkálukú wá pẹ̀lú ìtàn. Ó ní àwọn oníbàárà máa ń fẹ́ mọ ìyá tó ni oúnjẹ, ká tẹ àwòrán rẹ̀ ní ńlá, ká gbé e síwájú. Àwòrán ìyá mi kan ṣoṣo tó mọ́ lọ́wọ́ mi ni èyí tí wọ́n yà ní ọdún Iléyá kan. Wọ́n fi ìborùn funfun borí, wọ́n jókòó, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi, wọ́n fi férémù sí i. Wọ́n ní kí gbogbo wa wọ funfun kí ó lè jọra. Wọ́n ní láàárọ̀ Sátidé, ọ̀fẹ́ ni ká fi pín, kí àwọn èèyàn lè tọ́ ọ wò. Èmi ọmọ Bẹyẹrúnkà gbọ́ gbogbo èyí, mo ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Àkàrà mi wú lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó pọ́n, ó fúyẹ́. Òyìnbó tò dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan ní òun ti jẹ irú rẹ̀ ní Bùràsíìlì, ó sì ń ṣàlàyé àkàrà fún mi. Mo jẹ́ kó ṣàlàyé. Mo tò ó sínú àwo pẹrẹsẹ ńlá, mò ń gbé e kiri, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sọ fún wọn pé ẹ gbà, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọbìnrin tó ń ta ohun mímu yà mí ní fọ́tò: èmi nínú aṣọ funfun, àwo àkàrà lọ́wọ́ mi, èrò ń nawọ́, ìyá mi nínú férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì fóònù mi, níbi tí àwọn ará ilé ti lè rí i. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Màámi, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Hẹ́lẹ̀n dì mọ́ mi, ó ní ṣọ́ọ̀bù ti di tèmi, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́la.

Mò ń nu agbada lọ́wọ́ ní ọ̀sán nígbà tí ohùn Ìyá Ràfíù wọlé sórí fóònù mi. Inú mi ti dùn kí n tó tẹ̀ ẹ́.

“Ọmọ mi, wọ́n fi fọ́tò hàn mí,” ni wọ́n wí. “O káre. A ti ń bi ara wa pé ta ló máa dín àkàrà màmá ẹ, àṣé wọ́n ti sọ fún ẹ. O ṣe é bí ọmọ. Ẹ̀yìn wọn á dáa. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tìẹ náà dín tìẹ.”

Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílé wa? Bí arúgbó bá kú, wọ́n á dín àkàrà, wọ́n á pín in yí ká àdúgbò. Bí wọ́n bá gbé àkàrà gbígbóná wọlé tọ̀ ọ́ tí wọn ò gbowó, ìwọ náà á béèrè ẹni tó lọ. Mo mọ èyí kí n tó mọ ABD. Èmi ni mo máa ń gbé àwo tẹ̀ lé ìyá mi, torí àwọn ni wọ́n máa ń pè wá dín in fún gbogbo agbo ilé tí òkú bá ti sùn. Ọdún márùn-ún péré ni mo lò níhìn-ín, ó ti fọ̀ ọ́ kúrò lórí mi. Mo wọ funfun, mo gbé àwòrán ìyá mi kalẹ̀, mo pín àkàrà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ohun tó sọ sí mi lọ́kàn.

Mo pe Bùọ̀dá Mùfú. Mo bi wọ́n pé ṣé òótọ́ ni. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún lẹ́yìn wọn, ó dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Wọ́n ní ikọ́ yẹn ni. Wọ́n ní ìyá ló sọ ọ́ fúnra wọn pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi kí ìwé mi tó jáde, pé bí mo bá gbọ́, màá padà wálé, gbogbo ìyà tí mo ti jẹ á sì já sásán. Wọ́n ní gbogbo àdúgbò ni àwọn bẹ̀ kí wọ́n pa á mọ́ra. Mo bi wọ́n nípa ẹyin. Wọ́n ní àwọn wò ó lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi oṣù méjì ṣe ìyá fún mi, mi ò sì rí inú tí mo lè fi dúpẹ́.

“Àkàrà wọn ńkọ́?” mo bi wọ́n. “Ta ló dín in?”

“A ò tíì dín in. Ìwọ nìkan lobìnrin. Àwọn àgbà ní ká fi sílẹ̀ dìgbà tí o bá gbọ́. Nígbà tí wọ́n rí fọ́tò ẹ láàárọ̀, wọ́n ní o ti dín in. Mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.”

Mo pa fóònù.

Ìyá mi dín àkàrà fún òkú àwọn ẹni ẹlẹ́ni títí ojú wọn fi bàjẹ́. Nígbà tó kan tiwọn, èmi ni mo dín in. Mo fi ẹ̀rín dín in, mo pín in fún àwọn tó ń béèrè bóyá ẹran wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá mi sí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n ní ó dùn. Wọ́n béèrè sọ́ọ̀sì. Mo bínú sí Bùọ̀dá Mùfú, mo bínú sí ìwé tí kò jáde, mo bínú sí ìyá mi gan-an, tó mọ̀ mí débi pé wọ́n mọ̀ pé màá padà wálé. Ẹni tí èèyàn ò lè bá jà mọ́ ni inú máa ń bí èèyàn sí jù.

Ní Àìkú, mo padà síbẹ̀. Nísárì ní kí n lọ sinmi, mo ní rárá, ó bá da epo sínú agbada fún mi. Hẹ́lẹ̀n gbé pátákó iye owó wá, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ó ní ọ̀fẹ́ ti parí lánàá. Mo ní èyí kì í ṣe ti lánàá, ti ìyá mi ni. Ó wo àwòrán náà, ó ní òun mọ̀ pé ti ìyá mi ni, pé ìtàn tó wuyì ni, ṣùgbọ́n ọjà lọjà. Bí mi ò bá tà á, a jẹ́ pé mi ò tíì ṣe tán láti ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní mo gbọ́. Ará Kòríà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí, oúnjẹ rẹ̀ kò burú.

Mo pín in. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọjá lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ nínú àwo, ọkùnrin kan dúró níwájú mi. Ó wọ aṣọ àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó fi òyìnbó bi mí pé èló ni. Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Ó mú ẹyọ kan, ó gbé e dé ẹnu, ó sì dá ọwọ́ dúró. Ó wo aṣọ funfun tí mo wọ̀, ó wo àwòrán, ó wo ojú mi. Ó ṣí fìlà.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ó fi Yorùbá wí. “Ìgbà wo ni màmá papò dà?”

Mo la ẹnu kí n sọ ọjọ́ náà fún un, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni.

Mo ní, “Àná ni.”